Ẹkún Tí Jámánì Dá Lẹ́jọ́

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo sun ẹkún ìyàwó mi ní Òkè-Ìmàlè, ní Ìlọrin, òyìnbó kan dìde láàárín àwọn àna mi, ó sì jáde. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Mo dá ẹkún náà dúró. Ìyá mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi légbẹ̀ẹ́, mo sì ń bá ẹkún mi lọ, ṣùgbọ́n ojú ti ń tì mí. Mo rò pé ohùn mi ló burú tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò fi sá. Ẹẹ̀kan ṣoṣo ni ọmọge ń sun ẹkún láyé rẹ̀, òyìnbó tí n kò rí rí sì dìde kúrò níwájú mi bí ẹni tí ejò bù jẹ. Ẹ sọ fún mi bí ẹ̀yin ì bá ti ṣe.

Kàrímọ́tù ni orúkọ mi. Jímọ̀, ọmọ Bùràímọ̀ oníkáún tó wà ní Lọ́kọ́ja, ló fẹ́ mi. Ará Ìlọrin ni wọ́n. Ọjà tó ń tú yẹ́ẹ́ níbi tí odò méjì ti pàdé ló gbé wọn lọ síbẹ̀, wọ́n kọ́lé sí àdúgbò Kabawa, wọn kò sì padà mọ́. Àlejò ilé wọn ni òyìnbó yẹn. Jámánì ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí ibẹ̀ ló ti wá. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ léegun bí ẹja, ahọ́n wa kò gbé e mì. Ó bá wọn wá mú ìyàwó ni. Nígbà tí a dé etí Ọya, tí a wọ ọkọ̀, ó jókòó sí ìdí ọkọ̀, ó ń wo omi títí a fi dé Lọ́kọ́ja. Kò wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan. Mo ní lọ́kàn mi pé, áà, ohùn mi mà burú o.

Ẹ ò mọ̀ pé ìyàwó tuntun ló ni ọlọ. Kò tíì pẹ́ tí mo dé, mo ń lọ ata lẹ́yìnkùlé, mo sì ń fi ẹkún mi ṣe orin sábẹ́nu, bí èèyàn ṣe máa ń ṣe tí ilé ìyá rẹ̀ bá ń wù ú. Ìyá ọkọ mi sáré jáde láti inú yàrá. Lìádì ni orúkọ rẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í sáré fún òjò pàápàá. Ó fi ọwọ́ èmi fúnra mi bo ẹnu mi, tòun ti ata.

“Gbé e mì! Gbé e mì, ìyàwó! Má jẹ́ kí Mùsílímátù gbọ́ ọ.”

Ata ta mí lójú, omi ń dà. “Ìyá, kí ni mo ṣe?”

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó jókòó tì mí lórí àpótí, ó sì sọ ọ́ fún mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n bí mi, n kò tíì gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin àgbà ni Mùsílímátù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Mo kàn ń dárúkọ rẹ̀ níbí kí ẹ lè mọ̀ ọ́n ni. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, Ìyá Àdìjátù ni mò ń pè é. Mùkáílà aláṣọ ló fẹ́ ẹ, nínú Kabawa níbẹ̀. Ọkùnrin náà kò pẹ́ láyé. Àdìjátù, ọmọ wọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn gẹ̀ẹ́rẹ̀gẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ni Mùsílímátù bá gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó padà sílé bàbá rẹ̀. Obìnrin gíga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá ń kọrin nílé ìkómọ, yóò máa fọ abọ́.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, ẹ ní láti kọ́kọ́ mọ irú iṣẹ́ tí Jámánì ń ṣe. Kì í tajà. Kì í wàásù. Ọ̀rọ̀ ló ń gbọ́. Ó ní ní ìlú àwọn, bí ẹnì kan bá kọ orin tàbí ìtàn, òun ni yóò wò ó, tí yóò sọ ibi tó dùn àti ibi tó kan, ibi tó jẹ́ ti onítọ̀hún àti ibi tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló ti mú un. Ó ní iṣẹ́ gidi ni, àwọn èèyàn sì ń bẹ̀rù ẹnu òun. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi, ẹ̀rín pa mí. Mo ní ṣé ẹni tí kì í dáná, tó ń tọ́ ọbẹ̀ gbogbo ayé wò kiri, lẹ ń sọ? Jímọ̀ ní kí n dákẹ́, pé ọlọ́lá ni.

Ọlọ́lá sì ni lóòótọ́, n kò ní gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bídà ló ń lọ nígbà tí ibà dá a dúbúlẹ̀ sí Lọ́kọ́ja. Bàbá ọkọ mi ló gbé e wọlé, tó tọ́jú rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi yá, àwọn méjèèjì sì di kòríkòsùn. Ó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Haúsá, Nupe rẹ̀ sì dán mọ́rán. Ó gba ẹ̀sìn, ó di Yúsúfù. Lọ́jọ́ kan létí omi, òyìnbó kan tó ń ra òróró sọ pé ariwo ẹranko ni orin tí àwọn atukọ̀ Nupe ń kọ. Jámánì gbá a lọ́rùn ẹ̀wù mú. Ó ní orin tí àwọn ọkùnrin yìí ń kọ dùn ju èyí tí wọ́n ń kọ láàfin àwọn lọ, pé bí etí rẹ̀ bá di, kó lọ fi omi ṣàn án. Ó túmọ̀ rẹ̀ sí Haúsá, ó túmọ̀ rẹ̀ sí Nupe, kó má bàa ku ẹnì kan tí kò gbọ́. Ọjọ́ náà ni Lọ́kọ́ja gbé e lé orí. Àwọn akọrin àti apìtàn ń wá láti Ganaja, àwọn Igala ń sọdá wá, àwọn Ebira ń sọ̀ kalẹ̀ wá, kí Jámánì lè gbọ́ tiwọn. Ẹni tí Jámánì bá ní tirẹ̀ dára, onítọ̀hún di ènìyàn pàtàkì. Ẹni tí Jámánì bá ní ó yá a ni, kó yáa máa lọ sílé.

Iwájú ilé Bàbá ọkọ mi ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ rò ó wò bí orí rẹ̀ ti wú tó.

Ó wá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Mùsílímátù máa sun ẹkún tirẹ̀, kí wọ́n tó sìn ín lọ sílé Mùkáílà. Ilé kún. Jámánì jókòó lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Mùsílímátù jáde tòun ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó borí, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀:

“Ìyá mi, mo dé ẹnu ọ̀nà,
Ẹsẹ̀ mi wúwo, kò fẹ́ kọjá ìloro yín.
Omi tí mo pọn lánàá ṣì wà nínú àmù,
Ta ni yóò bù ú fún yín mu lọ́la?”

Ìyá ọkọ mi ní òun ti ń sunkún, gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ ti ń sunkún. Mùsílímátù wá yí sí bàbá rẹ̀, kó lè sun tirẹ̀ fún un, kí ó sì gba àdúrà. Ó ní, “Bàbá mi…”

Ni Jámánì bá nawọ́ sókè. “Ẹ dá a dúró. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tirẹ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ Rùfáì nígbà tó ń lọ sílé ọkọ lóṣù tó kọjá, ẹyọ kan kò yẹ̀. Ó jí i ni.”

Ó jí i! Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n lè pe ọmọ oníṣòwò ní òmùgọ̀, yóò dùn ún, ilẹ̀ yóò sì mọ́. Bí wọ́n bá pè é ní olè níwájú ìlú, ọjà bàbá rẹ̀ ni wọ́n dà nù. Bàbá ọkọ mi fò dìde, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó wọ́ ọ wọlé lórí eékún. Obìnrin kan rẹ́rìn-ín, bóyá ẹ̀rù ló bà á. Òmíràn gbà á, ẹ̀rín sì gba ojú agbo. Lọ́jọ́ kejì wọ́n sìn ín lọ láìsí àdúrà bàbá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ẹlẹ́kún-àwìn.

Mo gbé ọmọ ọlọ sílẹ̀. “Ìyá, ọ̀rọ̀ yẹn náà kọ́ ni èmi sun ní Ìlọrin? Ẹ̀yin náà ńkọ́, nígbà tiyín?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sun ún.”

“Ìyá tó bí yín ńkọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ náà ni.”

“Ṣé ẹnì kan wà tí kì í sun ún bẹ́ẹ̀? Ṣé kì í ṣe ohun tí ìyá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́ nìyẹn, tí ọmọ yóò wá fi ti ẹnu tirẹ̀ lé e? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un?”

Ó ń wo ata tó wà lórí ọlọ. “Òyìnbó tó mọ ọ̀rọ̀ ló sọ ọ́,” ni ó wí. “Mo rò pé bóyá gbogbo wa la jí i.”

Mo gbé ọmọ ọlọ padà, mo lọ ata náà títí ó fi di omi. Títí di òní, n kò tíì gbàgbé gbólóhùn yẹn.

Bí ẹkún ìyàwó ṣe kú ní Kabawa nìyẹn. Ìyá wo ló fẹ́ kí wọ́n pe ọmọ òun lólè? Ọmọge àkọ́kọ́ tó tẹ̀lé Mùsílímátù ní òun ṣàìsàn. Èkejì gbìyànjú láti hun ọ̀rọ̀ tuntun, èyí tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí, kò sì sí ìyá àgbà kan tó mọ ibi tí yóò ti dáhùn. Èyí tó tẹ̀lé wọn borí jáde nílé bàbá rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ewúrẹ́ tí wọ́n rà lọ́jà. Ó sì di àṣà. Ọkùnrin tó gbá òyìnbó lọ́rùn ẹ̀wù mú nítorí orin wa, òun náà ló pa tàwọn obìnrin wa lẹ́nu mọ́. Ohun tí mo ń sọ nígbà náà nìyẹn, nínú yàrá, fún ọkọ mi. Jímọ̀ a ní kí n rọra, ògiri létí.

Mo ṣàkíyèsí nǹkan kan ṣá. Bí Mùsílímátù bá ń gba iwájú Jámánì kọjá, ọkùnrin náà a la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀. Yóò wo apá ẹnu ọ̀nà Bàbá ọkọ mi. Yóò pa ẹnu dé. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ni.

Ọdún ń gorí ọdún. Àdìjátù di ọmọge, wọ́n fẹ́ ẹ sílé Làtífù aláṣọ tó ń gbé nísàlẹ̀ òkè Pàtí. Bí ìgbéyàwó ṣe kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, Mùsílímátù lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Èmi ni mo gbé omi wọlé, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Bàbá, mo fẹ́ kí Àdìjátù sun ẹkún.”

“Ẹkún wo? Kò sí ẹkún nínú ilé yìí mọ́.”

“Èmi lọ láìgba àdúrà. Ẹ rí bí ọ̀nà ṣe rí fún mi. N kò fẹ́ kí ọmọ mi gba ọ̀nà tí mo gbà.”

“Yúsúfù ń ṣàìsàn nínú yàrá níbẹ̀ yẹn. Ṣé o fẹ́ fi ẹkún tó kọ̀ pa á ni?”

Mùsílímátù kò jiyàn. Ó dìde, ó gbọn yanrìn eékún rẹ̀ nù. Nígbà tó kọjá lára mi, mo rí ojú rẹ̀, omi tí mo gbé sì dà sí mi lẹ́sẹ̀. Mo mọ̀ pé ohun kan ṣoṣo tó kù tí obìnrin yìí ń tọrọ láyé ni wọ́n tún kọ̀ fún un yẹn.

Ọjọ́ tó yẹ kí a sun ẹkún náà gan-an ni ilẹ̀ mọ́ bá wa pé Jámánì ti kú.

Gbogbo Lọ́kọ́ja ya wọ ilé wa. Ìdòwú, àgbẹ̀ Oworo tó ń kó iṣu wá fún wa, dé pẹ̀lú ìkíni wọn, “Ọ̀kún o, ọ̀kún o”, ó ń nu ojú. Àwọn atukọ̀ Nupe dé. Ọlájídé, olùkọ́ iléèwé míṣọ́n, dé pẹ̀lú àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀, ó ní inú ìjọ ni wọ́n bí ọkùnrin yìí sí, kí a gbé e fún àwọn. Àáfà Sàláhúdéènì ní Yúsúfù ni, àwọn yóò sì sin ín bí Yúsúfù. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn lórí òkú. Ọlájídé wá sọ ohun tó yà wá lẹ́nu, pé ní ìlú Jámánì pàápàá wọ́n ń jà lé e lórí: àwọn kan ní òun ló la àwọn létí, àwọn kan ní ó lọ ba etí ara rẹ̀ jẹ́ nínú igbó. Ìdòwú ní, “Ẹni tí ò mọ igbó ló ń pè é bẹ́ẹ̀.” Níkẹyìn, Bàbá ọkọ mi ní nínú ilé òun ni ó ti gba ẹ̀sìn, nínú ilé òun ni ó kú sí, òun ni ẹni rẹ̀. Ọlájídé káwọ́ sẹ́yìn, kò lọ.

Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n dì í sínú aṣọ funfun, wọ́n tẹ́ ẹ síwájú ilé. Àwa obìnrin dúró ní ìloro. Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe kí wọ́n tó kírun sí òkú lára. Ẹni tó ni òkú yóò dìde, yóò bèèrè bóyá òkú náà ṣẹ ẹnikẹ́ni, gbogbo ènìyàn yóò ní àwọn ti dárí jì í, ó parí. Ẹnu lásán ni. N kò rí ibi tí ẹnì kan ti sọ pé òkú ṣẹ òun rí.

Bàbá ọkọ mi dìde lórí ọ̀pá rẹ̀. Ó yin ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní àjèjì tó sọ wá di ènìyàn lójú àwọn ènìyàn rẹ̀, a kì yóò rí irú rẹ̀ mọ́. Ó ní, “Ẹni tí Yúsúfù bá ṣẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, kó sọ, tàbí kó dárí jì í.”

“A ti dárí jì í,” ni àwọn èèyàn wí. Àáfà ti kọjú sí ìlà oòrùn.

“Ó ṣẹ̀ mí.”

Ohùn náà ti ìloro jáde. Mùsílímátù ni. Ó gba àárín wa kọjá, ó bọ́ síta láàárín àwọn ọkùnrin, níbi tí obìnrin kì í dé. Gbogbo orí yí padà. “Kai!” ni atukọ̀ kan wí. Lìádì di etí ìró rẹ̀ mú, ó yọ ọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Àáfà Sàláhúdéènì ní, “Mùsílímátù, òkú ló wà nílẹ̀ yìí.”

“Ẹ̀yin lẹ bèèrè, Àáfà. Ṣé ẹ ò fẹ́ gbọ́ ni?” Kò pariwo. “Ọkùnrin yìí pè mí lólè lójú gbogbo yín. Mo sì dárí jì í. Àlejò ni, ojú ńlá ló ní, kò fi ríran. Ní ìlú wọn, ó lè jẹ́ pé olúkúlùkù ló ń dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gbìn, tó ń fi ọgbà yí i ká. Kò mọ̀, kò sì mọ̀ títí ó fi kú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ńkọ́?” Ó yí sí àwa obìnrin. “Ta ni nínú yín ni kò sun ọ̀rọ̀ yẹn? Ẹ jẹ́ kó jáde wá. Ọmọ Rùfáì, ṣé ìwọ lo dá a sílẹ̀ ni? Ìyá mi, ṣé kì í ṣe ẹnu yín ni mo ti gbà á? Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín. Òun mo dárí jì. Ẹ̀yin, mi ò tíì dárí jì yín.”

Ìyá ọkọ mi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti la, n kò mọ ẹni tó là á. Ìyàwó ilé ni mí, níwájú àna, níwájú òkú. Mo pariwo pé, “Ó mọ̀!”

Jímọ̀ ní, “Kàrímọ́tù!”

“Ó mọ̀, Ìyá Àdìjátù. Ní Ìlọrin, nígbà tí mo ń sun tèmi, ọ̀rọ̀ kan náà ló gbọ́ lẹ́nu mi. Ó dìde, ó sá jáde, fìlà rẹ̀ bọ́. Mo rò pé ohùn mi ni. Ó mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ó ń la ẹnu bí ẹ bá ń kọjá, yóò wá wo…”

Mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ, ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n gbogbo àgbàlá ti tẹ̀lé ojú mi, wọ́n sì ti ń wo ẹni tí mò ń wò.

Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ Bàbá ọkọ mi.

“Èmi ni,” ni ó wí. “Ọjọ́ tí a ti Ìlọrin dé, ó wá bá mi nínú yàrá. Ó sunkún bí ọmọdé. Ó ní òun ṣìnà, kí n pe ìlú jọ, kí òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ mi. Mo ní bí ó bá dán an wò, kó kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé mi.”

Ẹnu ya Àáfà, tẹ̀sùbáà rẹ̀ dúró sójú kan. Ọlájídé ní, “Jésù!” kò sì sí Mùsùlùmí tó bínú sí i.

“Kí ló dé, Bàbá?” ni Mùsílímátù bèèrè. Ohùn rẹ̀ ti kéré gan-an.

“Nítorí lọ́jọ́ tó pè ọ́ lólè, mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ìyá mi máa ń fi í ṣe orin létí mi. Lìádì sun ún nígbà tí wọ́n ń mú un bọ̀ wá fún mi. Mo mọ̀, mo sì wọ́ ọ wọlé, kí ojú má tì mí níwájú ọ̀rẹ́ mi. Bí òun bá jáde sọ pé òun kò mọ̀, kí ni èmi yóò sọ?”

Mo rò pé yóò bú u. Èmi ì bá bú u, kí n sì kó ẹrù mi. Mo tilẹ̀ ń gbàdúrà pé kó bú u. Mùsílímátù rìn lọ bá a, ó mú ọ̀pá nílẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. Ó wá kúnlẹ̀ sórí yanrìn, ó fi ìbòrí bo ojú rẹ̀ bí ìyàwó, níwájú òkú, níwájú ìlú. Obìnrin tí irun orí rẹ̀ ti ń funfun. Ó sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti dá a dúró:

“Bàbá mi, ẹ wo ojú mi dáadáa,
Kí n tó di ará ilé ẹlòmíràn.
Ẹ má fi ọwọ́ òfo rán mi lọ,
Àdúrà ni kí ẹ dì sí mi lẹ́rù.”

Ohùn rẹ̀ ti ṣá, ó sì dùn. Ní ìloro, ara gbogbo wa bù máṣọ.

Baba náà gbé ọwọ́ lé e lórí. Àdúrà tí bàbá ń ṣe fún ìyàwó, a kì í hun ún. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe gbé e. Ó ní, “Mùsílímátù, ọmọ mi, lọ rere. Wàá délé ọkọ, ilé á tù ọ́. Wàá bí, wàá wò. Ìwọ àti ọkọ rẹ, ẹ ó jọ gbó, ẹ ó jọ…”

Ó dúró. Mùkáílà ti wà nínú ilẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ wọn ti ń kọ́ ìrìn. Kò sí ẹni tí kò mọ ibi tí àdúrà náà ti gé. Omijé ń ṣàn sínú irùngbọ̀n baba náà, kò lè lọ síwájú, kò sì lè gbé ọwọ́ kúrò. Mo ti rí ikú púpọ̀ láyé mi. N kò rí ohun tó bà mí nínú jẹ́ tó ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Mùsílímátù kò dìde. Láìgbé orí sókè, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, Àdìjátù sì sáré láti ìloro wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ẹ má dúró, Bàbá,” ni ó wí. “Ọmọ mi ń gbọ́.”

Baba náà gbé ọwọ́ kan lé Àdìjátù lórí, ó fi èkejì sílẹ̀ níbi tó wà. “Ẹ ó jọ gbó,” ni ó wí, “ẹ ó jọ tọ́.”

A ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọkùnrin tò, wọ́n kírun sí Jámánì lára, wọ́n sì gbé e lọ.